Kọ́kọ́ Sọ Ohun Tó Sọ

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá ilé ìwé wa ti gbà kí n kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó gbà á bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì, ṣùgbọ́n ó gbà. Wákàtí kan lọ́sẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, kíláàsì karùn-ún, sáà yìí nìkan. Bí sáà bá ń parí lọ, ìgbìmọ̀ òbí á jókòó lé e lórí, wọ́n á sọ bóyá kó máa bá a lọ tàbí kó dáwọ́ dúró. Mo ní ẹ ṣeun, mà. Ó ní kí n má tíì dúpẹ́, pé wákàtí ìṣirò lòun yọ fún mi, kí n lọ máa ro ohun tí mo máa sọ fún ẹni tó ni ín.

Lórí àtẹ àkókò, "Ìrònú" ni wọ́n kọ. Tíṣà Ìṣirò kà á sókè nínú yàrá àwa tíṣà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá bi mí pé kí wá ni àwọn ọmọ yìí ti ń fi orí wọn ṣe látọjọ́ yìí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́.

Nígbà tí mo délé, ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún ẹnì kan pé wọ́n gbà. Mo ṣí fèrèsé, mo pa á dé. Ìwé yìí ni mo wá sọ ọ́ fún.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù kẹsàn-án

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ sójú pátákó: Bí mo bá tẹ òjìji rẹ mọ́lẹ̀, ṣé ìwọ ni mo tẹ̀?

Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n á dákẹ́ lọ gbári. Dídákẹ́ kẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọkùnrin kan tí mo ti ń pè ní Agbẹjọ́rò nínú ọkàn mi gun orí bẹ́ńṣì, ó ní òjìji kì í ṣe nǹkan kan, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ni. Ọmọbìnrin kan pariwo láti iwájú pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé ìwọ ló ń tẹ̀ lé, tí kò tẹ̀ lé ẹlòmíràn? Àwọn méjì sáré jáde lọ sínú oòrùn láti lọ tẹ òjìji ara wọn wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi òjìji sílẹ̀ tí wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ gidi. Ọ̀kan sunkún wọlé. Tíṣà Ìṣirò yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ mọ ẹni tó kú.

Inú mi dùn títí mo fi délé. Ìgbà tí mo bọ́ bàtà ni mo wá rí i pé kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ ń gun ọ̀rọ̀ lórí ni. Mo mọ irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, òun náà ni gbogbo èèyàn ń bá mi ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Orúnkún ló tún ń dùn ún: ó ní ọ̀tún ti fẹ́ gbàdúrà, tòsì ni kò fẹ́ kúnlẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, kí n tó dáhùn ó ti bọ́ sórí owó tí wọ́n ń ta tòmátì. Mo gbìyànjú láti sọ ti ẹ̀kọ́ Ìrònú fún un. Ó ní filọ́sọ́fì kì í kún inú, pé kí n ta ilé yìí kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé ilé tí èmi àti olóògbé ọkọ mi gbé tó tóbi jù fún wa, báwo ni kò ṣe ní tóbi jù fún èmi nìkan. Ó ní òun á tún pè, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn mi, mi ò jiyàn ìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé kì í gbọ́ mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù kẹsàn-án

Mo ti rí i. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn lónìí: kí o tó dá ẹnìkejì lóhùn, kọ́kọ́ sọ ohun tó sọ, kí o bi í bóyá ohun tó sọ nìyẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wàá tún un sọ títí á fi gbà. Ìgbà náà lo tó lè bá a jiyàn.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ń ká ètè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nímú, wọ́n ń sín ara wọn jẹ. Mo fi wọ́n sílẹ̀ títí ó fi sú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Agbẹjọ́rò gbìyànjú láti sọ ohun tí ọmọbìnrin iwájú sọ. Ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó tún un sọ. Ọmọbìnrin náà tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Òógùn bo ọmọ náà bí ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn wá ní bẹ́ẹ̀ ni, Agbẹjọ́rò kàn dúró síbẹ̀. Mo ní ó yá, kó dá a lóhùn. Ó ní òun ti gbàgbé ohun tí òun fẹ́ fi jiyàn.

Òjò ń rọ̀ bọ̀ nígbà tí mo ń darí wálé. Mi ò sá fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹsàn-án

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì tún ti kéré sí i. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò. Mo gbé àwo sí i.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹwàá

Ìbéèrè òní: bí èèyàn bá dákẹ́, ṣé irọ́ ló pa?

Ọmọbìnrin kan wà létí fèrèsé tó gbẹ̀yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, àfi bó bá ń jẹ́ "mo wà níbí, mà" ni mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Adákẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Bàbá rẹ̀ ló ń tún fíríìjì ṣe ní oríta, Bàbá Onífíríìjì tí gbogbo èèyàn mọ̀. Lónìí, Agbẹjọ́rò ti ṣe ìdájọ́ tán pé irọ́ ni, irọ́ pátápátá, kí wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó. Ni Adákẹ́ bá nawọ́. Gbogbo kíláàsì yíjú padà.

Ó ní, "Nígbà míì, irọ́ kọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í ni."

Ẹni tó jókòó tì í tún un sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó bi í bóyá ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ tí wọ́n fún ní nǹkan tí kò tọrọ.

Ìdúró ni mo jẹun nínú kíṣìnnì. Mo ń gbìyànjú láti rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bi mí ní nǹkan gbẹ̀yìn, yàtọ̀ sí "ṣé ẹ ti máàkì ìwé wọn?"

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹwàá

Ọjọ́ ayọ̀. Agbẹjọ́rò dìde lónìí, ó ní lẹ́yìn tí òun ti sọ ohun tí ẹnìkejì òun sọ tán, òun rí i pé òótọ́ ni, òun ti yí ọkàn padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó gbá góòlù wọlé. Ó tẹrí ba. Àgbàlagbà mélòó ni mo ti rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ láyé mi? Olóògbé ọkọ mi, èèyàn dáadáa ni, kò ṣe é rí títí ó fi lọ.

Mo sọ ọ́ nínú yàrá àwa tíṣà. Tíṣà Ìṣirò ní nínú ìdánwò tòun, bí ọmọ bá ń yí ọkàn padà, òdo ló máa gbà.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù kẹwàá

Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀. Bàbá Onífíríìjì ló wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, gírísì lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Èmi ló ń bá wí, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ló kọjú sí. Ó ní lánàá, nínú ilé òun, òun sọ̀rọ̀ kan fún ọmọ òun. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo òun, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá bi òun pé ṣé ohun tí ẹ sọ nìyẹn.

Ó ní, "Ọmọ tí mo bí nínú ara mi ló ń sín mi jẹ. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Mo bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ náà. Ó yíjú sí mi nígbà àkọ́kọ́, ó ní ìyẹn ò kàn mí. Ó ní kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà, ó sì lọ. Àmì ìka rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá bi mí pé ṣé mi ò wá sọ fún wọn pé inú kíláàsì ni òfin yẹn mọ? Mi ò sọ. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa ló mọ̀ pé a kì í tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ sí àgbà létí. Wọ́n ti gbá mi létí nítorí rẹ̀ rí, ní ọmọdé, lójú àlejò. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo kàn ti dá gbé pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí bí àgbà àti ọmọdé bá jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Inú ń bí mi sí ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹwàá

Wọ́n gbé bẹ́ńṣì kan síta fún Adákẹ́, abẹ́ fèrèsé. Tíṣà Ìṣirò fún un ní iṣẹ́ tó máa ṣe. Mo fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì ń sọ̀rọ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yọjú wò ó, kò tíì kọ nọ́ńbà kan. Ó gbé etí sókè.

Ọjọ́rú, 29 oṣù kẹwàá

Òbí méjì mìíràn ti lọ bá Ọ̀gá. Ọmọ ẹnì kan ní kí ìyá òun kọ́kọ́ sọ ohun tí bàbá òun sọ kó tó bínú. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé kò pa ìyá náà lẹ́rìn-ín.

Nínú yàrá àwa tíṣà, wọ́n ń kí mi, mo ń jẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Àga méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo látàárọ̀. Tíṣà Ìṣirò ló wá jókòó sí ọ̀kan nígbẹ̀yìn. Ó ní òun ò wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; pé mo gbé ìbéèrè lé wọn lọ́wọ́, wọn ò tíì gbé ayé tí wọ́n á fi dáhùn ún.

Mo ní, "Ẹ ní wọn ò tíì ní ohun tí wọ́n á fi rò ó. Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyẹn?"

Ó ní kí n má sín òun jẹ o, òun ju ọmọ kíláàsì karùn-ún lọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣùgbọ́n abèèrè kì í ṣìnà, àti pé ìbéèrè ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn kí n tó dé, kò kàn sẹ́ni tó bá wọn gbé e ni. Ó ní ó ṣeé ṣe. Ó dìde, ó lọ máàkì ìwé. Òun ló bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́ jù lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tí mi ò sọ fún un: mo ń ka ọjọ́ sí Ọjọ́bọ̀ bí ọmọ tó ń retí ìsinmi. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń dáhùn. Ṣé nítorí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń jà fún un, àbí nítorí mi? Mi ò rí ẹni tí mo lè bi.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kọkànlá

Òtútù ti dé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, kò gbé e. Ó pè padà nígbà tí mo wà nílé ìwẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kọkànlá

Ìpàdé òbí. Kíláàsì kẹfà ni wọ́n lò, àgbàlagbà tó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún ń kan àgbọ̀n. Bàbá Onífíríìjì jókòó lẹ́yìn pátápátá.

Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni alága wọn. Kò pariwo. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, a ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jiyàn. Ó ní ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà, kí a má fi ọwọ́ ara wa tètè sọ ọ́ dàgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí mi.

"Ẹ má bínú o, Tíṣà. Ẹ̀yin ò ní ọmọ nílé. Ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rọ̀ sísọ, ẹ sì ń padà sílé tó dákẹ́. Ariwo tí ẹ dá sílẹ̀, àwa là ń bá a sùn."

Mo dìde. Mi ò pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu mi ti mọ́ ọn lára ni. Mo ní, "Ìyá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o. Ẹ ní mi ò ní ọmọ nílé. Ẹ ní mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rọ̀, mo sì ń padà sílé tó dákẹ́. Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyẹn?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ò sọ ọ́ láti fi gún mi.

Mo ní òótọ́ ni. Ilé mi dákẹ́. Ṣùgbọ́n àlàáfíà kọ́ ló mú un dákẹ́. Mo ní ilé púpọ̀ ló dákẹ́ bíi tèmi tí èèyàn mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé àṣìṣe tèmi ni pé mi ò kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n á gbà bá òbí wọn sọ̀rọ̀, mo sì ti ń tún un ṣe. Mo jókòó.

Ni Bàbá Onífíríìjì bá dìde. Mo rò pé ó fẹ́ parí iṣẹ́ náà ni. Ó ní ọmọ òun ò ká ètè, kò ṣẹ́ ojú. Ó ní pé ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ kọ́ ló dun òun jù. "Ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ ló burú. Èmi ni mo sì sọ ọ́." Ó jókòó, kò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò, àwọn á ránṣẹ́ sí Ọ̀gá.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kọkànlá

Mi ò jáde. "Ilé tó dákẹ́." Ó dùn mí gan-an ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kọkànlá

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn yìí débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ti aládùúgbò ni. Bàbá Onífíríìjì ni. Mo ní kó jókòó. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó dẹtí sílẹ̀.

Ó ní, "Fíríìjì yín ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dọ̀tí."

Kí n tó sọ pé kó má ṣe ìyọnu, ó ti wọ kíṣìnnì, ó ti fà á síwájú, ó yọ ọ́ lára iná, ó ní kí n bá òun wá búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn fíríìjì ló kọjú sí, èmi ló kọ ẹ̀yìn sí, bó ṣe sọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ nígbà òjò. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tó wá bá Ọ̀gá, ọmọ náà bi í pé ìgbà wo ni ìyá òun ń bọ̀. Ó ti ń bi í láti àárọ̀, inú sì bí i.

"Mo ní, ìyá ẹ ò fẹ́ wa mọ́, ìwọ pàápàá ò wù ú. Ó wò mí báyìí. Ó ní, ẹ ní ìyá mi ò fẹ́ wa mọ́, èmi pàápàá ò wù ú, ṣé ohun tí ẹ sọ nìyẹn?" Ó nu búrọ́ọ̀ṣì mọ́ aṣọ rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, Tíṣà. Èmi nìkan ni ìyá ẹ̀ ò fẹ́ mọ́. Ó ń pe ọmọ ẹ̀ lójoojúmọ́, èmi ni kì í gbé fóònù fún un. Ẹyin lohùn. Ìgbà tó bọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn ni mo tó rí i pé ó fọ́."

Mo ya ẹnu. Òfin ti wà lórí ahọ́n mi: ẹ ní irọ́ ni ẹ pa, ẹ ní ẹ̀yin nìkan ni ìyá ẹ̀ ò fẹ́ mọ́. Mo pa ẹnu mi dé. Mi ò tún un sọ. Ọkùnrin yìí ti gbọ́ ara rẹ̀ tó. Mo fún un lómi.

Ó bi mí pé kí ni kí òun wá sọ fún ọmọ náà báyìí. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní bóyá ohun tó sọ fún ẹ̀yìn fíríìjì yìí ni kó sọ fún un. Ó mu omi náà tán, ó so fíríìjì náà mọ́ iná padà, ó fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ní Adákẹ́ á padà sínú kíláàsì, àti pé òun á lọ sọ fún alága pé òun ò ní ẹjọ́ mọ́. Ó kọ̀ láti gba owó iṣẹ́.

Kíṣìnnì wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kọkànlá

Ó ti parí. Wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ náà dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bínú sí mi, pé Bàbá Onífíríìjì pàápàá sọ̀rọ̀ mi dáadáa, ṣùgbọ́n ìdánwò àṣewọlé ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àti pé nínú gbogbo ìbéèrè tó wà nínú ìdánwò yẹn, kò sí ti òjìji. Kí wákàtí ìṣirò padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀gá ní bó bá jẹ́ tòun nìkan ni. Kò parí rẹ̀. Ó ní kí n lo Ọjọ́bọ̀ yìí fún ìdágbére.

Tíṣà Ìṣirò bá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n bá òun gba wákàtí náà padà. Mo ní mo mọ̀. Ó wá lọ.

Mo sunkún nílé, mi ò ní purọ́ fún ìwé tara mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kọkànlá

Mo ní kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ìbéèrè tòní. Ti Agbẹjọ́rò ló borí: ta ló yẹ kó pinnu ohun tí ọmọdé lè rò? Ọmọ yẹn á dé ilé ẹjọ́ dandan, bóyá bí agbẹjọ́rò, bóyá bí ẹni tí wọ́n mú wá. Ẹnì kan ní òbí ni, torí àwọn ló ń sanwó. Ẹnì kan ní kò sẹ́ni tó lè pinnu rẹ̀, torí wọn ò lè rí inú orí. Wọ́n ń pa òfin mọ́ láìjẹ́ pé mo rán wọn létí. Mo dúró tì pátákó, mo ń wò wọ́n, mo ń gbìyànjú láti má wo aago.

Adákẹ́ ti wà lórí àga rẹ̀ létí fèrèsé. Ó nawọ́. Ó ní, "Tíṣà, látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ò tíì sọ tiyín rí."

Mo ní iṣẹ́ tíṣà ni láti bèèrè. Ariwo sọ. Wọ́n ní ìyẹn kọ́ ni òfin, òfin ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo jókòó sórí tábìlì mi, ohun tí mo ti ń nà wọ́n fún láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti fẹ́ sọ nǹkan kan nípa òmìnira, nǹkan tó dáa, tí wọ́n lè kọ sínú ìwé. Ohun mìíràn ló jáde.

Mo ní, "Mo rò pé mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé kò sẹ́ni tí mo lè bá ronú pọ̀ nílé. Mi ò mọ̀ bóyá ìdí tó dáa nìyẹn."

Adákẹ́ dìde. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó gbé omi tó kún dé etí.

"Ẹ ní ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé kò sẹ́ni tí ẹ lè bá ronú pọ̀ nílé. Ẹ ní ẹ ò mọ̀ bóyá ìdí tó dáa nìyẹn." Ó mí. "Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyẹn, mà?"

Kò sín mi jẹ. Ó kàn gbé e fún mi padà bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, kò yọ nínú rẹ̀, kò fi kún un. Gbogbo oṣù tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri, mi ò mọ bó ṣe tóbi tó. Lẹ́nu ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ ni. Èèyàn lè sọ ọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn.

Agbẹjọ́rò ti na ọwọ́ méjèèjì láti dá mi lóhùn nígbà tí aago lù. Oúnjẹ ọ̀sán ni, ebi ò sì mọ ìrònú. Wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀, mà, wọ́n ń ti ara wọn jáde lẹ́nu ọ̀nà, òun náà bá wọn sáré. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé e. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lórí orúnkún àti òtútù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan ná." N kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ ọ́: kò sẹ́ni tí mo lè bá ronú pọ̀ nílé.

Mo rò pé fóònù ti já. Mo wo ojú fóònù, kò já.

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.